Ìjàpá, Àdó Ọ̀fẹ́ àti Gbèsè Ẹtu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òkété, ó sì dá lórí Ẹtu tó yá ọ̀kẹ́ owó mẹ́wàá, tí mẹ́fà péré tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, igbó kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Òṣogbo, tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó sì gba Ìbòkun kọjá títí dé ẹ̀yìn odi Iléṣà. Ẹranko tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ ní ìhà kejì, Àparò ló máa ń rán. Àparò a gba ọkà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jíṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Bó bá ṣalábàápàdé oko àgbàdo lọ́nà, ó di ọ̀túnla.

Àkókó ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ sú. Ó mú ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó gbẹ́ àdó kékeré kan. Bí o bá sọ̀rọ̀ sínú àdó tìrẹ l'Óṣogbo, ẹni tí èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ n'Íléṣà á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Owó ẹyọ kan lọ́dún ni Àkókó ń gbà. Ó ní òun kò ní polówó ọjà sí ẹnikẹ́ni létí, òun kò sì fẹ́ mọ ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ lálẹ́ àná. Kò pẹ́, kò jìnnà, àdó dé gbogbo ilé.

Ìjàpá ń wò ó láti abẹ́ igi. Lọ́jọ́ kan, ó kó àká owó 19 lọ bá Àkókó, ó ra àdó, ó ra orúkọ àdó, ó sì ra gbogbo ẹni tí àdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókó béèrè bóyá nǹkan kan máa yí padà. Ìjàpá ní: "Kí ló fẹ́ yí padà? Bí mo ṣe bá a ni n ó ṣe máa lò ó. Owó ẹyọ kan yẹn gan-an, mo ti pa á tì. Ọ̀fẹ́ ni láti òní lọ."

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ẹ̀yin tí fóònù wà lápò yín ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní 2014, Facebook ra WhatsApp ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 dọ́là, nígbà tí òṣìṣẹ́ WhatsApp kò tó ọgọ́ta. Dọ́là kan lọ́dún ni wọ́n ti ń bu lé àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Ní 2016, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ọjà, tó tún wá ń fi ọjà náà tọrẹ, oúnjẹ wo ló fẹ́ jẹ? Yánníbo náà béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ìjàpá ní kó lọ pọn omi.

Ìjàpá wá tẹ́ ewé àdéhùn sílẹ̀. Bí o bá dúró ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo, tí wọ́n bá ń tú u lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òkè-Fìà. Ohun tó wà lára rẹ̀ kéré ju ẹsẹ̀ ìjàlọ lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: MO GBÀ. Àyè "mi ò gbà" kò sí. Ẹranko tò, wọ́n ń tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́: Ajá tẹ̀ ẹ́, Ọ̀bọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, Erin tẹ̀ ẹ́, ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ó kan Òkété. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ó ka ojú ewé kìíní, ó sì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé pé ẹni tó bá tẹ ẹsẹ̀ síhìn-ín ti gbà kí àdó mọ orúkọ gbogbo ìbátan, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń gbé. Ó ní: "Ẹ dúró ná o. Àwọn ìbátan mi kò sí níbí. Ta ló ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́?"

Erin bú sẹ́rìn-ín. "Òkété, kí lo ń fi pamọ́? Ìwọ nìkan ni ilé rẹ ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Èmi kò ní àṣírí kankan. Ibi tí mo bá gbà, gbogbo ayé ló ń rí ojú ẹsẹ̀ mi."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ni Òkété wí. "Kò sí ẹni tó lè gbé yín mì. Ṣùgbọ́n èmi, lọ́jọ́ tí ejò bá mọ ẹnu ihò mi kejì, mo di oúnjẹ alẹ́."

Ìjàpá rí i pé ojú àwọn kan ti ń yí padà, ló bá fi Arugbá búra. Ó ní nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá bá gbé igbá lọ sódò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń tẹ̀lé e, ta ló ń ṣí igbá náà wò? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe máa bò nínú àdó òun. Ẹranko pàtẹ́wọ́. Òkété nìkan ló padà sílé láìtẹ ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ahun o: Ìjàpá kò ṣí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni wò. Ohun tó ṣe ni pé ó fi Eṣinṣin kọ̀ọ̀kan ti àdó kọ̀ọ̀kan. Eṣinṣin kò gbọ́ ohun tí o sọ. Ó kàn ń kà á ni: ta lo pè, ìgbà wo, ẹ̀ẹ̀melòó, ibo lo dúró sí. Èmi bi yín, ẹni tó mọ̀ pé o pe babaláwo lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì mọ̀ pé ilé ìyàwó rẹ àtijọ́ lo yà sí nígbà tí o ń bọ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa WhatsApp nìyẹn. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n títì tí a ti yàrá kò ní kí aládùúgbò má ka àlejò tó ń wọlé.

Ìròyìn Eṣinṣin sì ń so èso. Ajá kàn ń gba ẹ̀yìn ilé alápatà kọjá lálaalẹ́ ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ máa fi yí po, àwọn tó ń ta egungun ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Inú Ajá dùn. Ó ní Ìjàpá mọ òun ju ìyá tó bí òun lọ. Kò rò ó wò pé àwọn olùta egungun kò wá lọ́fẹ̀ẹ́, pé wọ́n ti san owó ọ̀nà fún Ìjàpá.

Ní ilé Ìjàpá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òwú ni wọ́n fi dí àdó lẹ́nu nínú yàrá. Yánníbo fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ kan láti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Ìjàpá fò sókè, bí ìjàpá ṣe lè fò mọ. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Bí ẹ bá rò pé mo ń fi Ìjàpá ṣẹ̀sín, ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà 2016, Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ ya fọ́tò níwájú tábìlì rẹ̀, aráyé sì rí i pé ó ti lẹ nǹkan bo ojú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó di ìgbà tí ọwọ́ dá. Ẹtu, opó tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo, ń wá owó tí yóò fi ra aró àti aṣọ funfun. Ìjàpá ti gbọ́ ná, nítorí Eṣinṣin ti kà á pé Ẹtu pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n kò sì dáhùn. Àdó Ẹtu bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: "Ìyá Àdìrẹ, ẹ kú ìnáwó o. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ń bẹ nílẹ̀ fún yín. Ẹ kò nílò onídùúró. Ẹ sáà tẹ̀ ẹ́." Ẹtu tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ló dé. Mẹ́rin tó kù, wọ́n ní owó iṣẹ́ àdó ni. Lọ́jọ́ keje, ọ̀kẹ́ méjìlá ni kó dá padà.

Ọjọ́ keje pé, aṣọ ṣì wà nínú ìkòkò aró. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́ dáadáa, gbogbo àdó tó wà nínú igbó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Kínrinjin" ni ègbè.

Ẹtu yáwó, kò san o,
Kínrinjin.
Ó náwó tán, ó ń sùn fọnfọn,
Kínrinjin.
Ẹ sọ fún àna rẹ̀ n'Íbòkun,
Kínrinjin.
Ẹ sọ fún ọmọ rẹ̀ l'Ẹ́sà-Òkè,
Kínrinjin.
Ẹni tó bá kí i, gbèsè ló kí,
Kínrinjin.

Ohùn yín dùn o! Ṣùgbọ́n ta nínú yín ló mọ Ẹtu? Ta ló bi í léèrè iye tó yá àti iye tó gbà? Ẹ gbọ́ orin, ẹ sì gbè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko ṣe. Ọ̀bọ gbè é, ó tún fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀bọ mẹ́ta mìíràn. Kò sí ẹni tó ka ara rẹ̀ kún agbẹ̀san. Wọ́n ní àwọn kàn ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ Ẹtu n'Íbòkun ní kí wọ́n kó ẹrù ìdána padà.

Níbi tí a dé yìí, àlọ́ kò lè ju òótọ́ lọ mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Sokoloan, ilé-iṣẹ́ tó ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù, nítorí pé wọ́n ń tú àṣírí ẹni tó jẹ gbèsè fún àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, àwọn tí kò yá owó, tí wọn kò sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. (Ẹ má pa àwọn ayánilówó yìí pọ̀ mọ́ àwọn tó ni WhatsApp o. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Inú àlọ́ ni mo ti fi ìkarahun kan ṣoṣo bo gbogbo wọn, torí Ìjàpá kì í kọ iṣẹ́.)

Ẹtu sunkún lọ bá Kìnnìún. Kìnnìún pe ìpàdé. Ìjàpá dé, ó wọ aṣọ òfì, ó kí ọba, ó sì kí gbogbo ilé. Ó ní kò sí ohun tuntun nínú ohun tí òun ṣe. "Kábíyèsí, òṣómàáló ni mí. Iṣẹ́ àwọn baba Ìjẹ̀ṣà ni mò ń ṣe. Wọ́n ń tajà láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó títí owó wọn fi ń jáde. Ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn gbowó rẹ̀?"

Àgbò wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà paraku, tó gba òwò aṣọ lọ́wọ́ baba, tí baba gbà á lọ́wọ́ baba tirẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dì í mú, ó ti kan Ìjàpá, Ìjàpá sì ti yí gbirigbiri.

"Gbé ẹnu rẹ kúrò lára wa!" ni Àgbò wí. "Bàbá mi ru aṣọ lórí kúrò n'Íléṣà, ó tà á láwìn lábúlé tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀ já geere. Lọ́jọ́ àdéhùn, bí o kò bá san án, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ìwọ tí o jẹ ẹ́! Ó mọ ojú rẹ, o mọ ojú tirẹ̀. Bó bá bú ọ, o lè bú u padà. Oòrùn tó ń pa ọ́ ló ń pa òun náà. Kò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àna rẹ rí. Kò kó orúkọ àwọn ọmọ ilé rẹ sápò kó tó yọ aṣọ fún ọ. Ìwọ, ibo lo lóṣòó sí? O wà nílé lórí ibùsùn, o fi òwú dí àdó tìrẹ!"

Ó ṣe díẹ̀ kí ariwo tó lọ sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé Àgbò ń fọ àwọn baba rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí òṣómàáló jókòó tì nígbà ayé òyìnbó amúnisìn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ti gbọ́ èébú tó burú lójú ọmọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n yàn, èmi á yan ẹni tí mo lè rí lójú.

Òkété wá dìde. Ó kí ọba, ó sì yíjú sí àwọn ará Òṣogbo. "Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi Ọ̀ṣun, ẹ sọ ohun tó sọ omi náà di pupa fún mi. Ta ló ń wa góòlù l'Óṣogbo? Kò sí. Òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lápá ibi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀, Ìtagunmódì àti Ìperindó, ni wọ́n ti ń wà á. Ẹni tó gbà kí wọ́n gbẹ́ oko òun rò pé oko òun nìkan ló fi tọrẹ. Ẹrẹ̀ sì ṣàn, ó dé ojúbọ Ọ̀ṣun, ó dé inú igbó tí UNESCO ti kọ mọ́ ogún aráyé láti 2005. Bí ewé Ìjàpá ṣe rí nìyẹn. Ẹtu tẹ̀ ẹ́, àna rẹ̀ ló gbá. Bàbá wa Erin ní àwọn kò ní àṣírí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Erin ti tẹ ibi tí mò ń gbé kọjá lójoojúmọ́, wọ́n mọ ẹnu ihò mi méjèèjì. Àṣírí tèmi ni wọ́n tẹ ẹsẹ̀ sí."

Erin wolẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìjàpá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má lò ó. Òkété ní: "Mi ò lò ó! Orúkọ mi ṣì wà nínú rẹ̀." Ó tún fi kún un pé òun ti gbọ́ pé ní igbó tó wà lókè òkun, Ìjàpá ń fi àyè "mi ò gbà" sára ewé, kí ló dé tí ti ibí kò ní?

Kìnnìún bu agbọ̀n owó 220 lé Ìjàpá. Ìjàpá gbé ẹjọ́ lọ síwájú Ẹkùn, Ẹkùn ní bí Kìnnìún ti wí náà ni. Ìjàpá nu ojú rẹ̀, ó ní: "Kò burú. N ó palẹ̀ àdó mi mọ́ kúrò nínú igbó yìí."

Ẹ wá wo ẹkún! Erin ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀: inú àdó ni ẹgbẹ́ àwọn erin Ìpetu ti ń ṣèpàdé. Ajá ní ta ni yóò máa wá òun wá pẹ̀lú egungun? Ọ̀bọ dákú. Ẹtu pàápàá, Ẹtu tí wọ́n fi kọrin, rọra fa ọba láṣọ. Inú àdó yẹn ni gbogbo àwọn tó ń ra àdìrẹ rẹ̀ wà. Bí Ìjàpá bá kó o lọ, ta ni yóò tà á fún? Kìnnìún wo àwọn tó ní òun ń jà fún, ó wo Ìjàpá, ó fọwọ́ lérán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Lẹ́yìn ìwádìí oṣù 38, FCCPC bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù keje 2024. Wọ́n ní ó ń lo ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ wọn, pé kò sì fún wọn ní àǹfààní tó fún àwọn ará ibòmíràn. Ní oṣù kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fọwọ́ sí i. Meta kọ ọ́ sínú ìwé ilé ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ọlọ́jà ṣe gbé ọwọ́ lérí? Àwọn tí òfin ìdáàbòbò ìwífún ti 2023 wà fún gan-an ló ń bẹ̀rù.

Láàárín ìyẹn, Àkókó ti ń kábàámọ̀. Ó bu àádọ́ta ọ̀kẹ́ nínú owó tí Ìjàpá fún un, ó kó o fún Aláǹtakùn pé kó bá òun hun àdó mìíràn ní gbangba, kí gbogbo ẹni tó bá lójú lè wo kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláǹtakùn hun ún. Kò fi Eṣinṣin kankan tì í. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ó jẹ wọ́n. Kò ta á fún ẹnikẹ́ni. Igbá ọrẹ ló gbé kalẹ̀. Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀, ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 2018: mílíọ̀nù 50 dọ́là ló fi ti áàpù ìfiránṣẹ́ Signal lẹ́yìn.

Ẹranko rọ́ lọ sọ́dọ̀ Aláǹtakùn. Ọjọ́ ọjà méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọ̀bọ wọlé, ó wò yíká. "Ta ló wà níbí? Òkété nìkan ni mo rí!" Ẹgbẹ́ akọrin kò sí níbẹ̀, alájọ kò sí níbẹ̀, ìyàwó àbúrò tó wà lókè òkun kò sí níbẹ̀. Ajá ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n kò ní òórùn egungun. Wọ́n ré igbá ọrẹ kọjá, wọ́n padà sí tÌjàpá. Mi ò bú wọn púpọ̀. Àwa náà l'Ọ́ṣun, nígbà tí ìjọba Aregbesola, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, pín kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2013, inú rẹ̀ ni ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí làwọn ọmọ kan kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n tú u, kí wọ́n lè rí géèmù àti íntánẹ́ẹ̀tì fi sí i.

Ìjàpá kò lọ mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé àdó tuntun dé: èyí ń ronú, ó ń dáhùn ìbéèrè, ó tilẹ̀ ń bá Ajá tàkúrọ̀sọ nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn. Ewé tuntun bá a wá. Èyí gba Òkè-Fìà kọjá. Àyè "mi ò gbà" ti wà lára rẹ̀ báyìí nítorí àṣẹ Kìnnìún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ewé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹranko tún tò. Lọ́tẹ̀ yìí, Òkété wà níwájú pátápátá. Ó ti tẹ̀ba, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á.

Oòrùn mú. Ìlà náà ti dé ọ̀nà Ìbòkun. Láti ẹ̀yìn, Ọ̀bọ ń pariwo pé kí ẹni tó wà níwájú ṣe kíá. Ajá ń gbó. Erin na ọrùn wò ó.

"Òkété, tẹ̀ ẹ́ ká lọ jàre!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá," ni Òkété wí. "Orúkọ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn."